Bàbá Tọ́lá, Panápaná Tó Ní Ká Tẹ́ Òun Sínú Erùpẹ̀ Lásán

Yéè! Bàbá Tọ́lá, ọkọ mi, ó dìgbà o. Ilé wa ní Ìkòròdú dákẹ́ jù. Òórùn èéfín tó máa ń wà lára aṣọ iṣẹ́ yín ni mo ń wá kiri.

Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti bí yín la ó sin yín sí lónìí, sínú erùpẹ̀ lásán, láìsí símẹ́ǹtì, láìsí táìlì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin fi ìbínú dìde. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé bí ẹni tí kò ní ẹbí lo fẹ́ ká sin àbúrò mi ni?" Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ni olórí panápaná ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ó dáná sínú páànù ńlá, ẹ ó fi fóòmù tó ń hó bí ọṣẹ bò ó pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi omi gbá gbogbo ìfófòó rẹ̀ sẹ́yìn ọgbà, níbi tí àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ iléeṣẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Ẹ ní ọṣẹ ṣáà ni, ó ń fọ ilẹ̀ mọ́.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ekòló tí mo rí kò tó nǹkan. N kò lè búra pé fóòmù nìkan ló fà á, àmọ́ mo sọ fún yín pé kẹ́míkà kan wà nínú irú fóòmù yẹn tí kì í jẹrà. Ilẹ̀ a mu ún, ekòló tó ń jẹ ilẹ̀ a gbé e mì, a sì máa kó jọ sí i lára. Adìẹ tó bá ṣa ekòló náà jẹ ti gba tirẹ̀. Fóòmù mìíràn a pa ekòló, òmíràn kì í jẹ́ kó bí sí i dáadáa, òmíràn kì í ṣe é ní ohun tó hàn sójú.

Ẹ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tọ́lá, iná ń jó ènìyàn, ìwọ ń bẹ̀bẹ̀ fún ekòló!"

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ yín lọ́kàn. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín pé omi nìkan ni kí ẹ máa fi ṣe ìdánrawò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ yín ní Bàbá Ekòló, ẹ sì ń jẹ́ wọn tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí iná gidi sọ níbi tí wọ́n ń kó epo sí, fóòmù lẹ fi pa á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ènìyàn wà nínú ilé. Bí iná náà ṣe kú, kí ẹ tó mu omi pàápàá, ẹ ti ń fi àpò iyanrìn dí gọ́tà kí ìfófòó má bàa dé ìdí tẹ̀tẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá yín wó, ẹ di ọwọ́ mi mú. "Má jẹ́ kí wọ́n rọ símẹ́ǹtì yí mi ká o. Àwọn ekòló tí mo ti fojú wọn rí màbo, jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n fúnra mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ gbogbo àlàyé yìí nínú ìpàdé náà. Wọ́n fi ìborùn nu ojú. "Àgídí rẹ̀ náà nìyẹn láti kékeré. Ẹ gbẹ́ sàréè rẹ̀ bó ṣe fẹ́."

Ọkọ mi, iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n mọ inú ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ yẹn. Ó tutù, ó rọ̀, kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi lè jọ̀wọ́ yín fún un. Ẹ sùn re o, nínú ilẹ̀ tí ẹ fúnra yín yàn.