Ìkòkò Òtútù Bàbá Mi

Òórùn òjé yíyọ́ ni imú mi kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nígbà èwe mi, kí n tó gbọ́ ti ẹ̀kọ gbígbóná. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bá ti bo orí òkè, tí ètè gbogbo wa ti la, màá lọ jókòó ti ìkòkò ẹ̀yinná tó fi ń mú irin rẹ̀ gbóná, màá máa yáná, èéfín òjé yóò sì máa ta mí nímú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé ìlú náà láyé ìgbà yẹn mọ òtútù tí mò ń wí. Bí a bá bu omi àmù mu, ńṣe ni eyín máa ń ro wá.

Bàbá mi kì í kánjú. Bó bá fẹ́ fi òjé lẹ wáyà, yóò kọ́kọ́ mú èémí dúró, yóò ní, "Àkànní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi.

Lọ́dún kan, Alájì Bùsàrí gbé rédíò rẹ̀ wá. Oníṣòwò aṣọ ni lọ́jà ńlá, àgbà sì ni nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé bí òun bá ti fẹ́ gbọ́ ìròyìn láàárọ̀, rédíò náà kì í fọhùn. Ṣùgbọ́n Alájì fẹ́ràn rédíò yìí bí ọmọ, kì í gbé e jáde ní ìhòòhò. Yóò fi aṣọ òfì wé e dáadáa, yóò dúró kí oòrùn là, kó tó gbé e wá bá wa. Bí bàbá mi bá ti tú òfì náà, tó yí bọ́tìnnì, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó pààrọ̀ òkúta bátìrì rẹ̀, ó yẹ gbogbo wáyà wò, kò rí nǹkan kan. Alájì á gbé e lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, rédíò á tún ya odi.

Nígbà tó pẹ́, Alájì lọ sọ nínú ìpàdé pé bàbá mi ti yọ nǹkan nínú rédíò òun. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Fún àwa tí a wà lájò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ìdílé. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní olè níbẹ̀, ọmọ ìlú rẹ kan kò ní yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ mọ́, ìròyìn náà á sì ti ṣáájú rẹ délé kí Kérésì tó dé. Wọ́n ní kí bàbá mi wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Màmá sunkún. Bàbá kò sun ún. Ó ní, "Àìsàn tí kò bá yọjú níwájú oníṣègùn, kí oníṣègùn lọ bá a nílé ni." Ó bẹ Alájì pé kó jẹ́ kí òun wá sílé rẹ̀ ní ìdájí kan. Alájì ní, "Kí o tún wá yọ èyí tó kù?"

Ìgbà yẹn ni Bàbá rántí bí rédíò náà ṣe máa ń rí lọ́wọ́ òun tí òun bá tú òfì lára rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Òtútù ló ń pa á. Alájì fúnra rẹ̀ ló ń wò ó sàn lójú ọ̀nà. Bàbá wò mí, ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí a lọ bá ìdájí nílé Alájì, a ó gbé ìdájí wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni mo rántí kúùkù kan tí a rí nígbà tí Bàbá lọ tún rédíò ṣe ní kílọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó awakùsà. Mílíìkì aládùn ló ń mú dì, ó sì ń bu iyọ̀ sórí yìnyín kí òtútù rẹ̀ lè le sí i. A lọ bẹ̀ ẹ́, ó fún wa ní yìnyín. A kan àpótí pákó, a fi ìyẹ̀ pákó há inú rẹ̀, a ri garawa sáàárín, a da yìnyín oníyọ̀ yí i ká, a gbé rédíò sínú garawa, a sì dé e. Kíá ni rédíò dákẹ́. Mo fò sókè. Ṣùgbọ́n Bàbá lejú, ó ní kò tíì tutù. Ó gbé rédíò tirẹ̀ tó dá ṣáṣá sínú garawa kan náà, òun náà dákẹ́. Páànù garawa náà ló ń dí wọn létí, tí ohùn láti ilé iṣẹ́ rédíò kò fi lè wọlé bá wọn.

Bí Bàbá ṣe wojú ìkòkò ọbẹ̀ Màmá nìyẹn, ìkòkò amọ̀ àtijọ́ tí epo ti dí gbogbo ihò ara rẹ̀, tí omi kò lè jò wọ inú rẹ̀ mọ́. Màmá gbé e fún un, ó ní, "Ẹ rọra o. N kò fẹ́ ọbẹ̀ tí yóò máa ka ìròyìn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ti fi ìkòkò rọ́pò garawa nínú àpótí wa, a sì fi ọmọlanke gbé e lọ sí ìpàdé lọ́sàn-án gangan. Bàbá kọ́kọ́ gbé rédíò tirẹ̀ sínú ìkòkò. Rédíò náà pẹ́ níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè rí i pé ìkòkò kọ́ ló ń pa rédíò lẹ́nu mọ́. Ó wá gbé ti Alájì sí i, òun náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà jẹ obì títí ó fi sú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìkòkò rèé, iyọ̀ rèé. Onírédíò, ata ló kù." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n Bàbá kò mira, èmi náà sì pinnu pé n kò ní dìde nídìí ìkòkò yẹn. Láàárín ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò Alájì kò tíì sọ parí, ohùn já.

Bàbá ní kí Alájì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde, kó gbá a mọ́ra lábẹ́ agbádá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, abẹ́ agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bàbá tún mú un tutù, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú wọn, ó sì ń fi igi tín-ín-rín kan ibi gbogbo títí ó fi kan ẹsẹ̀ wáyà kan tí òjé rẹ̀ kò gbá mú láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Bí òtútù bá ti sún un kì, á yọ. Ó tún un lẹ̀, ó dá rédíò padà sínú ìkòkò, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ títí yìnyín fi domi. Alájì ṣí fìlà. Ó ní, "Onírédíò, mo ṣì ọ́ rò. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Láti ọjọ́ náà, rédíò kankan kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa lásìkò ọyẹ́ láìwọ ìkòkò.

Mo ka ìwé lọ sí yunifásítì lẹ́yìn náà, mo ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lokogoma, níbẹ̀ náà, ni mò ń gbé báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Fọlákẹ́ ọmọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ bàlúùn ńlá, kó lè lọ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí lókè fún àwọn àgbẹ̀. Àkọ́kọ́ gòkè, ó dákẹ́ sínú òfúrufú, ó já sóko kan l'Ábàjí. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti ń ṣiṣẹ́. Fọlákẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Dádì, kò sí nǹkan tó ṣe é." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn tó ń ṣonígbọ̀wọ́ wọn ti ní bí òmíràn bá tún dákẹ́, iṣẹ́ parí. Àpótí òtútù tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń tà lókè òkun, apá wọn kò ká a.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kan àpótí lẹ́yìn ilé. Fóòmù ló wà níbi tí ìyẹ̀ pákó wà nígbà náà. Kọmpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù méjì ni mo so pọ̀, tí ọ̀kan ń mú èkejì tutù, nítorí òtútù òkè òfúrufú kọjá ti iyọ̀ àti yìnyín. Aládùúgbò mi, ọmọ Ìlọrin kan, yọjú lórí ògiri, ó ní, "Kai, Bàbá Ẹnjiníà, ṣé mọ́ṣúárì lẹ fẹ́ ṣí fún wa ni?" Mo ní òun ni màá kọ́kọ́ gbà wọlé.

Kò tíì tutù tó. Iná ń lọ, ìlẹ̀kùn ń jò, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọmọ tó jókòó nídìí ìkòkò láyé ọjọ́sí kò mọ ìdí tí irin fi ń súnkì nínú òtútù. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì mọ gbogbo ọ̀nà tí iṣẹ́ yìí lè gbà kùnà, ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé kí n dìde lọ sinmi. Ọmọ yẹn gbójú jù mí lọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì dìde.