Itan Òsì Tí Kò Kún

Lórí pápá oníyanrìn kan ní Ikòsí ni iṣan orúnkún òsì mi ti já. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Mo kàn fẹ́ yí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ni. Ara yí, ẹsẹ̀ ò yí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, itan náà gbẹ bí igi. Obìnrin tó ń kọ́ mi ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Sister, ẹran ti tán níbí. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, máa jẹ wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n tó o bá jẹun tí o kò ṣe eré ìdárayá, ikùn ló ń lọ o."

Ìyá mi, tó ń ta ata ní Mile 12, gba ọ̀rọ̀ yìí bí àṣẹ. Wọ́n máa ń se ẹ̀wà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Tí wọ́n bá ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Àgbóyì, orí ni wọ́n ń bù fún ara wọn, wọ́n á kó ìyókù fún mi.

"Mummy, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ṣé èmi ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni? Jẹun jàre."

Mo jẹun. Mo so ọ̀rá tí mo bu yanrìn sí mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo ń gbé e sókè sódò létí bẹ́ẹ̀dì títí itan fi ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè nílé ìwòsàn, mo ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń gùn ún, àwọn tó ru ẹrù sì ń pariwo pé kí n yàgò.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á wé ìborùn wọn mọ́ itan ọ̀tún mi, wọ́n á tún wé e mọ́ ti òsì. Ìborùn tó fún mọ́ ọ̀tún ṣì ń ṣò lára òsì.

"Ó ti ń kún," ni wọ́n máa ń wí.

Kò kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló kún.

Kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní kí n padà wá. Mo sáré lọ tààrà lórí pápá, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí mi, mo yí. Orúnkún yẹ̀ lábẹ́ mi bí ẹni tẹ epo. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti wú.

Obìnrin ilé ìwòsàn yẹn wò ó pẹ́. "Orúnkún yìí á gbé ẹ lọ sọ́jà, á gbé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ti bọ́ọ̀lù ni mi ò lè ṣèlérí mọ́."

Ara odi ni mò ń dì mú padà sílé. Ìyá mi ń bó ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Mo sọ fún wọn. Ọwọ́ wọn dúró nínú omi, èèpo ẹ̀wà ń léfòó yí i ká. Wọn ò wojú mi.

"Ṣé oúnjẹ tí mò ń sè ni ò tó ni?" ni wọ́n bi mí, ohùn wọn kéré gan-an.

Mo na ẹsẹ̀ òsì, mo jókòó tì wọ́n. Mo ki ọwọ́ bọ inú omi náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀wà pẹ̀lú wọn.