Gómìnà Ilé Oníyàrá Mẹ́rìndínlógún

Lọ́jọ́ tí mo du ipò alága àwọn ayálégbé ilé wa, ìyàwó mi gan-an lẹni àkọ́kọ́ tó lọ tò sẹ́yìn alátakò mi.

Àárín àgbàlá ni a ti ṣe ìdìbò náà, ní ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún tí à ń gbé ní Sango, lẹ́yìn ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́. Kò sí pé à ń tẹ̀ka sórí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ọ, yóò wá tò sẹ́yìn rẹ. Èmi dúró síbi okùn tí a máa ń sá aṣọ sí, obìnrin tó ń bá mi dù ú dúró sí ẹ̀bá kànga, a kọjú síra wa.

Mo ní, "Ṣé o ò rí mi ni? Ẹ̀yìn mi ló yẹ kó o wà."

Ìyàwó mi ní, "Mo rí yín, bàbá ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wà lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kí n wo ojú yín lónìí."

Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tò tẹ̀lé e.

Ayé Sáàpù ni, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, nígbà tí ìjọba ológun ń rọ̀ wá pé ká fara dà á, pé ọ̀la á dùn. Owó ọwọ́ wa ò rà nǹkan mọ́, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń kó wọlé láti òkè òkun ò wọlé bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́: garawa, ọpọ́n, kẹ́tùlù àlùwàlá. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rọ á máa ké tọ̀sán-tòru. Lọ́sẹ̀ kejì, a óò jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu géètì, a óò máa retí ohun tí ọkọ̀ máa gbé dé láti Àpápá.

Alága wa àtijọ́ jẹ́ fọ́manù níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìkirun. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó lọ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ nídìí kànga, tí àgbàlá sì kún fún ìdọ̀tí, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kàn láti gbálẹ̀. Ni a bá ní ká yan alága tuntun. Ní tèmi, mo ti mọ ẹni tó máa jẹ́. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá, mo lè kọ lẹ́tà sí onílé, àwa ọkùnrin la sì pọ̀ jù nínú ilé.

Obìnrin tó bá mi dù ú ń gbé yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to bisikíìtì sínú páálí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé, a kì í sì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń kí gbogbo wa bí ẹni tó jẹ̀bi. Obìnrin náà kì í pariwo. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi etí ìborùn nu ẹnu, á wá wo ojú rẹ títí wàá fi rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó o ti ṣẹ̀.

Òun ló wá bá mi pé ká fi ọjọ́ sí i.

"Àbúrò, ọjọ́ wo lo rò pé ó dáa?"

Mo ní Sátidé.

"Aago mẹ́ta ọ̀sán ńkọ́?"

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi. Ó yẹ kí ọpẹ́ yẹn ti fu mí lára.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì wa ti sọ fún un pé ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ láti Àpápá. Lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn tó wọṣẹ́ láàárọ̀ tó jáde, súpáfáísọ̀ wa dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Nobody dey go house today. Overtime for everybody." Bí gbogbo ọkùnrin tó fẹ́ tò sẹ́yìn mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ike, ṣe há síbi iṣẹ́ nìyẹn. Èmi nìkan ni mo ráyè jáde, torí mo ti purọ́ pé mo ní òkú láti sin. Irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òótọ́, torí èmi gan-an ni wọ́n sin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Obìnrin mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn méjì ló wà lẹ́yìn mi: ọkùnrin kan tí ibà ń ṣe, tó jókòó sórí àpótí, àti télọ̀ àgbàlagbà kan tó rò pé kẹrosíìnì là ń tò fún. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kò sí kẹrosíìnì, ó kúrò níbẹ̀.

Inú ló bí mi tí mo fi sọ ọ́ ní Gómìnà. Sójà ló ń ṣe gómìnà nígbà náà, a ò sì gbọ́ ọ rí pé obìnrin ń ṣe é níbì kankan. Mo rò pé orúkọ náà á dójú tì í. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó dáa. Ta ni igbákejì?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é ní nǹkan mìíràn nínú ilé wa.

Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ra àgádágodo, ó fi ti ọmọrí kànga. Aago márùn-ún ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni òun fúnra rẹ̀ á máa ṣí kànga, kí omi lè ráyè sun. Ìyẹn ò dùn wá. Apá kejì ló dùn wá: ọkùnrin tí kò bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ni yóò fa omi yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá fi ohùn àwọn sójà orí rédíò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀rọ dákẹ́ níbi iṣẹ́ wa, ọkùnrin mẹ́wàá la tò sídìí kànga, a gbé garawa tí àwa fúnra wa ṣe lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ sí Àtàn lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ra gàrí àti ẹ̀wà ní àpò, wọ́n pín in nílé. Nígbà tí kẹrosíìnì sì wọ́n, ó ní ká máa lọ bu ìyẹ̀fun pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ká kì í sínú agolo ńlá tí a dá ihò sí nídìí, ká máa fi dáná. Èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Mo gbìyànjú láti fi ipá gba ìjọba. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo pe àwọn ọkùnrin jọ sínú yàrá mi. A ò tí ì sọ̀rọ̀ débì kan tí Gómìnà fi kanlẹ̀kùn, ó gbé abọ́ ẹ̀wà ńlá dání, epo ń dán lórí rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ìpàdé wà, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikùn òfo ṣèpàdé. A jẹ ẹ́ tán, a lá abọ́. Ẹnì kan ní kí a kú ìpàdé, oníkálukú sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè mí.

"Àbúrò, mo fẹ́ fi ọ́ ṣe kọmíṣọ́nà."

Kí n má purọ́, orí mi wú. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Kọmíṣọ́nà ètò wo?"

"Ti ṣáláńgá."

Ìṣòro gidi ni ṣáláńgá yẹn. Ó ti kún, òrùlé rẹ̀ ń jò, ilẹ̀kùn rẹ̀ so mọ́ ẹyọ ìdè kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fọwọ́ dì í mú. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta lórúkọ Gómìnà sí bàbá onílé ní Ìtẹ̀lé. Èsì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé àwọn kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ ilé, ká lọ yan ọkùnrin. Mo mú èsì náà lọ fún Gómìnà, mo ń fi ìdùnnú mi pamọ́ díẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Kí ni bàbá yẹn fẹ́ràn jù lọ láti jẹ?"

Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà ni.

Nígbà tí bàbá onílé dé ní ìparí oṣù, Gómìnà kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ má bínú sí wa. A ò ní sọ ọ̀rọ̀ ilé kankan lónìí. Ẹ kọ́kọ́ jẹun." Ó gbé ẹ̀wà kalẹ̀, ó gbé omi tútù kalẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán, Gómìnà tún bù sí i, wọ́n tún jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó tì wọ́n, kí n bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Kò sí onílé tó máa ń sọ ìtàn yẹn ní wàràwàrà. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀, wọ́n sọ bí bíríkìlà àkọ́kọ́ ṣe sá lọ. Kí wọ́n tó kan òrùlé, wọ́n dákẹ́. Wọ́n yí ìdí padà lórí àga, wọ́n sì wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ọmọ mi, ṣé ibì kan wà tí mo lè yà sí?"

Mo ní, "Ó wà, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Mo mú kẹ́tùlù omi, mo sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa di ilẹ̀kùn mú, mo wá sún sẹ́yìn bí ọmọ ẹ̀kọ́. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ilé ló dákẹ́, kò sẹ́ni tó gúnyán, kò sẹ́ni tó fọ abọ́. Ohun kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ ni ohùn bàbá nínú ṣáláńgá, tí wọ́n ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Allah léraléra.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti ṣí fìlà, omi òrùlé ń kán létí wọn. Gómìnà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n wá wò ó.

"Ta ló se ẹ̀wà yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dùn." Wọ́n dé fìlà wọn padà. "Àwọn òṣìṣẹ́ á dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ ni wọ́n máa bèèrè."

Àwọn òṣìṣẹ́ sì dé. Wọ́n gbẹ́ ihò tuntun, wọ́n kan páànù tuntun lé e, wọ́n fi ìdè mẹ́ta sí ilẹ̀kùn. Mo ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí bàbá wá yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ojú tún tì mí díẹ̀, torí bàbá àgbà ni. Mo sọ fún Gómìnà pé bóyá ohun tí a ṣe ti pọ̀ jù.

Ó ní, "Kí la ṣe? Mi ò fi nǹkan kan sínú ẹ̀wà. Ohun tí à ń jẹ la fún wọn jẹ, ibi tí à ń lọ la fi hàn wọ́n."

Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn olóṣèlú máa múra, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tí wọ́n wọ agbádá wá sílé wa. Wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin kan wà tí gbogbo ilé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n ní kó wá ṣe olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ wọn.

Ó ní, "Káńsẹ́lọ̀ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé Gómìnà ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ obìnrin ni láti kó èèyàn jáde, ọkùnrin ló ń wọ ilé ìgbìmọ̀. Ó gba àpò iyọ̀ tí wọ́n gbé wá, ó dúpẹ́, ó sìn wọ́n dé títì. Ó pín iyọ̀ náà kárí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ó ní kí kálukú dìbò fún ẹni tó bá wù ú.

Inú bí mi ju òun lọ. Mo ní, "Ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín yẹn dùn mí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Tìrẹ náà dùn mí nígbà tó o sọ mí ní Gómìnà, àbúrò."

Mo gbé garawa mi, mo lọ fa omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kógbá wọlé. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Àtàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í din gàrí. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin bíi mẹ́jọ ló ń bó gbágùúdá lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, òun sì jókòó láàárín wọn, ó ń sọ ẹni tó kàn láti gbé ti ẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó bu gàrí fún mi, ó bi mí nípa gbogbo ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó lọ, mo bi í pé ká ní wọ́n fi í ṣe gómìnà gidi l'Abẹ́òkúta, kí ni ì bá kọ́kọ́ ṣe.

Ó rò ó dáadáa. Ó ní, "Màá kọ́kọ́ sùn di aago méje."