Ẹfinrin Àkùrọ̀ Àpòmù

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Ìwó Road, n'Íbàdàn. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n gbà dé Ìkirè. Àbúrò ìyàwó mi ló pè mí: ìyá wọn kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, ọbẹ̀ ẹja tí a fi ẹfinrin àkùrọ̀ Àpòmù sè nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Rísíkátù, ìyàwó mi, ló máa ń lọ gé e fún wọn. Oṣù karùn-ún rèé tó kú. Òbí kì í wo sàréè ọmọ, ìyá kò wá síbi ìsìnkú, èmi náà kò sì tíì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. A kò bímọ. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì kà mí sí àna.

Ìkùukùu bo omi Aṣéjìre. Ní Ìkirè, mo ra dòdò dúdú tó ta lẹ́nu, mo jẹ ẹ́ lórí ọ̀kadà títí dé Àpòmù.

Ẹ̀yìn kíṣìnnì la ń gbin ẹfinrin sí nílé wa. Nínú àkùrọ̀ Àpòmù, ṣe ló hù fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi. Mo ká ṣòkòtò, mo wọ ẹrẹ̀, mo fa ìdí kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Obìnrin kan tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ pariwo: "Bàbá! Ṣé iṣu lẹ̀ ń wà ni?"

"Ẹ má bínú. Ìyá Rísíkátù ará Ìkirè ló fẹ́ ẹ. Èmi lọkọ Rísíkátù."

"Háà! Tíṣà tó máa ń kàwé tí ọbẹ̀ fi ń tutù?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí Ọlọ́run ṣe àforíjì fún un. Ọ̀bẹ ló máa ń fi gé e o, kì í fà á tu. Ẹ wò ó."

Ó fi àwọn kùkùté hàn mí. Lábẹ́ ibi tí ọ̀bẹ ti gé lára kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka méjì ti rú.

"Ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn. Òun ló gé e gbẹ̀yìn."

Mo tún èyí tí mo fà tu gbìn, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yá ọ̀bẹ obìnrin náà.

Ní Ìkirè, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Àbúrò ìyàwó mi gba ewé náà, ó gbé ọbẹ̀ kaná. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ìyá tọ́ ọ wò.

"Ewé yìí ti gbó jù. Ta ló gé e?"

"Èmi ni, mà."

"Ọ̀mùnú ni wọ́n ń gé. Tó o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú èyí tó rọ̀ wá." Wọ́n fa ẹ̀kọ mọ́ra.

Bí mo ti ń padà, awakọ̀ wo ẹsẹ̀ mi. "Bàbá, ibo lẹ ti kó gbogbo ẹrẹ̀ yìí wọ mọ́tò mi?"

"Ọ̀dọ̀ àna mi ni."

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó tí mò ń retí ìpè. Ìrìn náà, láti ilé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, kò gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.