Irú Ènìyàn Wo Ni Ará Ìbá Náà?

Òórùn èèpo àgbọn tó ń jó lábẹ́ ẹja ló máa ń jí wa nílé wa ní Ọ̀jọ́. Kí ìrun àsùbáà tó parí, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti to ṣawá sórí iná, èéfín á sì gba gbogbo agbo ilé. Bí a bá ń húkọ́, wọ́n á ní, "Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀."

Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́, ọkùnrin kan láti Ìbá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi Sídíkátù. Sídíkátù ti gbà, Bàbá ni kò tíì gbà. Àwọn tí Bàbá rán lọ ṣe ìwádìí ń sọ ohun kan náà ṣáá: ọmọ dáadáa ni, ó níwà pẹ̀lẹ́, ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ròyìn ọkọ àbúrò Bàbá, kí obìnrin náà tó kẹ́rù padà wálé ṣáájú Iléyá. Sídíkátù kò lè jẹun mọ́. Èmi ni mo ń bá a jẹ tirẹ̀.

Ni Ìyá Àgbà bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó di Ìbá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n polówó dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà, wọ́n tajà fún un, wọ́n sì ní kó jẹ́ kí àwọn fi ẹsẹ̀ sinmi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni.

"Ó ná ẹja mi títí ojú fi ń ti èmi gan-an," ni Ìyá Àgbà wí. Sídíkátù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbá orí mú. "Bàbá rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọmọ náà jókòó tì í, ó ń bá a yọ egungun ẹja, ó sì ń bá ẹja náà jà: 'Ìwọ ṣawá, egungun tó tó yìí, ṣé o fẹ́ fi kọ́lé ni?' Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fi máa kan òun fúnra rẹ̀, orí ẹja ló kù nínú àwo."

Ara mi kò gbà á. Mo ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, bóyá ó dáa tàbí kò dáa.

"Ohun tí mo rí ni mo sọ yẹn," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Ẹ̀rín sọ Bàbá. "Kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa bọ̀," ni wọ́n wí. Sídíkátù jáde, ó ń wá èbà rẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ tán.

Ìwé ìtàn ni mo ń kọ jẹun báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé a máa mú iṣẹ́ wọn wá, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá jẹ́ onínúure. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí i tó ń ṣe?" Ọmọ tó ń wá gbólóhùn kan nígbà náà ti di ẹni tí ń fojú wá ìṣe kiri.

Ṣùgbọ́n èmi náà máa ń gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí nígbà míì. Nígbà tí Ìyá Àgbà re ibi àgbà ń rè, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo ní aláàánú ni wọ́n, mo ní wọ́n fẹ́ràn wa. Àwọn ènìyàn kàn ń ṣe àmín. Mo bá sọ bí wọ́n ṣe ru ẹja lọ sí Ìbá lọ́jọ́ náà. Ọkọ Sídíkátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.