Hóró Oògùn Nínú Ilé Aládùúrà

Nínú ilé wa, a kì í lo oògùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn ní abúlé wa lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Bí orí bá ń fọ́ ọ, Màámi á bu omi àdúrà sínú ife, wọ́n á ní kí o mu ún, kí o sì lọ sùn. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀fọ́rí náà máa ń lọ.

Èmi ni àkọ́bí. Mo kàwé olùkọ́ni, mo ń gbé ní Adégbáyí, mo sì ti gbà pé ojú tèmi nìkan ló là nínú gbogbo ẹbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ní ìjọ wa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà. Ìta ló ń jókòó títí ọjọ́ méje á fi pé. Ti àbúrò mi kọjá ọjọ́ méje. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo bá òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò níta ilé àdúrà. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ náà ló wà, ó di ikùn mú, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Inú ń run mí gan-an, Àǹtí mi."

Inú bí mi sí gbogbo ilé. Mo sọ lọ́kàn mi pé omi ni wọ́n máa bù fún ọmọ yìí títí yóò fi kú. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní oògùn inú rírun. Wọn ò bi mí ní ọ̀rọ̀ kejì, èmi náà ò sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ka hóró oríṣi mẹ́ta sínú ọ̀rá kékeré. Mo kó o fún àbúrò mi, mo ní, "Má sọ fún Màámi o."

Ìrora náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn, mo tún ra òmíràn. Ní oṣù kejì, ẹ̀jẹ̀ ń dà bí omi ẹ̀rọ. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú lulẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà obìnrin kan, tí kò lè jù mí lọ, bi wá pé, "Màmá, oògùn wo ló ti lò?"

"Kò lo oògùn rí," ni Màámi dáhùn. "Omi àdúrà là ń lò nílé wa."

Mo wolẹ̀. Kí n má purọ́, ojú ló ń tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i tún ti ń dà jáde. Dókítà ní àfi kí òun mọ ohun tí ọmọ náà ti gbé mì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo bá kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo ti ń fún un lóògùn."

Mo ń retí ìgbájú. Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bú sẹ́kún.

"Èmi náà ń fún un," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ àwọn tó ń kiri lọ́jà ni mo ti rà á."

A kó ọ̀rá oògùn méjèèjì wá fún Dókítà, kò sì bá wa jà. Ó ṣàlàyé pé òun fura pé wọ́n bí i pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì, àìsàn tí kò wọ́pọ̀. Àyẹ̀wò sì padà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Hóró funfun tó wà nínú ọ̀rá tèmi, tó tún wà nínú ti Màámi, ń pa ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìlọ́po méjì la ń fún un. Wọ́n fún un ní oògùn tó tọ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó mu ẹ̀kọ, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé Màámi náà ń fún òun. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún Màámi. Màámi náà ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Mo kàn ń gbé e mì ni."