Ìkòkò Ìyá Mi Wọ Iná

"Ẹ má fọ́ ọ! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ!"

Mo ti da ara bo ìkòkò ìyá mi nílẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń rọ ìkòkò ládùúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò dúró tì mí, òòlù lọ́wọ́ wọn, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n wọn. Òórùn èédú gba gbogbo àgbàlá. Wọn kò jágbe mọ́ mi. Wọ́n gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n jókòó.

Kò tíì pé ọdún kan tí ìyá mi kú. Ìkòkò onírin funfun yẹn, láti Ìsundúnrin, ìlú wọn, ni wọ́n ti gbé e wá ilé ọkọ, òun ni wọ́n fi ń se sààrì fún wa. Nígbà tí ìdí rẹ̀ lu, bàbá mi fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin tó ti bàjẹ́. Ni mo bá gbé e sá wá síbí, pé kí bàbá arúgbó bá mi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá yìí ti lẹ̀ ẹ́ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, àtàǹpàkò wọlé.

"Ó ti fẹ́lẹ́ jù, ọmọ mi. Àfi ká fọ́ ọ, ká yọ́ ọ, ká tún un dà."

"Tí ẹ bá yọ́ ọ, kì í ṣe ti màmá mi mọ́ nìyẹn!" Alágídí ni mí láti kékeré, n kò ní purọ́.

Wọ́n fa igbá òrí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ wọn mọ́ra. Ọyẹ́ ti mú òrí náà le. Wọ́n bu díẹ̀ sínú ṣíbí, wọ́n gbé e sún mọ́ ẹyin iná, ó yọ́. Wọ́n gbé e sójú atẹ́gùn, a jọ ń wò ó títí ó fi dì. Wọ́n fi ra mí lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Òrí ni, sà."

"Nígbà tó yọ́ ńkọ́?"

"Òrí náà ni."

"Ẹ́n-ẹ́n! Kí lo wá ń sunkún sí?"

Mo nu imú. Mo ní kí wọ́n ṣáà má da irin ẹlòmíràn mọ́ ọn.

"Háà! Ó máa kéré o. Ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin tí a máa hà dànù, máa jẹ nínú ẹ̀."

"Kó kéré, sà."

Wọ́n fọ́ ọ níṣojú mi, gbogbo ìró òòlù yẹn ló dùn mí. Èmi ni mo yí fáànù tí wọ́n fi rìmù kẹ̀kẹ́ ṣe, iná sì ń jó. "Dúsúmáà!" ni wọ́n ń pariwo, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó bọ̀ láti Àbíjáǹ, pé kí n rọra. Àwọn àfọ́kù náà rọ̀, wọ́n tẹ̀, wọ́n di omi tó ń dán. Bàbá ha ìdàrọ́ dúdú kúrò lójú rẹ̀, mo sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Wọ́n da ìyókù sínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti tẹ àwòrán ìkòkò sí. Ìkòkò kékeré kan ló jáde. Mo gbé e mọ́ àyà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá náà ti lọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Inú ìkòkò yẹn ni mo ti ro ògì fún ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ìdí rẹ̀ lu. Mo gbé e lọ fún ọmọ bàbá, tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbàlá kan náà. Ó ní ìgbakọ nìkan ló lè jáde níbẹ̀, àfi tí òun bá da irin mìíràn mọ́ ọn. Mo ní kó má da nǹkan kan mọ́ ọn, kó fi ṣe ìgbakọ.

Ìgbakọ náà ni mo fi ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ mi báyìí. Ìdàrọ́ ń jẹ lára ohun tí mo rántí náà. N kò rántí bí ohùn ìyá mi ṣe ń dún mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́wọ́ mi yìí, ti màmá mi ni.